Magajíyà Gba Ìgbálẹ̀ ní Ìkọ̀yà

Àwa méjèèjì la jáde nílé lọ́dún náà. Ọkọ mi wọ ọkọ̀ ojú omi, ó dé Làìbéríà. Èmi wọ mọ́tò, mo dé Ìkọ̀yà. Àwọn ènìyàn ń kí mi pé ẹ kú ọkọ tó wà nídàálẹ̀. Kò sí ẹni tó kí ọkọ mi pé ẹ kú ìyàwó tó wà nídàálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ rèé, òun ló wà láàárín àwọn tó mọ̀: àwọn sọ́jà ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń jẹ ẹ̀wà kan náà láti ọdún mẹ́wàá, tí wọ́n jọ ń bẹ̀rù ọ̀gá kan náà. Èmi ni mo bọ́ síbi tí mi ò ti mọ ẹnì kan, tí èdè ò yé mi, tí mi ò mọ orúkọ ohun tó wà nínú abọ́. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ẹni tó re òkè òkun nínú wa, ẹ jẹ́ n fara balẹ̀ rò ó fún yín. Ọjọ́ ti lọ lórí ọ̀rọ̀ náà, kò sì sí ohun tó ń lé mi.

Ṣakí ni wọ́n bí mi sí, ilẹ̀ àpáta, níbi tí ọyẹ́ ti máa ń bó ènìyàn létè. Ọmọ ogún ọdún ni mí nígbà tí mo tẹ̀lé sọ́jà. Bàbá mi ní sọ́jà kì í gbé ìyàwó, ó kàn ń kó o kiri bí ẹrù ni. Mo bínú sí i nígbà náà. Bárékè kan ní Òkè Ọya ni ọkọ mi kó mi lọ, níbi tí yàrá ti tò lọ bẹẹrẹ, tí èèyàn bá húkọ́ ní ilé kìíní, ará ilé kẹta á ní "pẹ̀lẹ́ o." Lọ́dún kẹfà tí mo débẹ̀, wọ́n fi mí jẹ Magajíyà.

Ẹni tí kò gbé bárékè rí kò ní mọ ohun tí Magajíyà jẹ́. Olórí àwọn ìyàwó sọ́jà ni. Sájẹ́ǹtì lásán ni ọkọ mi, ó ń gbọ̀n níwájú kọ̀máńdà. Ṣùgbọ́n bí àwọn obìnrin bá ń fa ara wọn láṣọ ya nídìí ẹ̀rọ omi, èmi ni kọ̀máńdà fúnra rẹ̀ ń ránṣẹ́ sí. Mo ní fèrè kan tí mo so kọ́rùn, irú èyí tí rẹfirí fi ń dá bọ́ọ̀lù dúró. Láàárọ̀ Sátidé, bí mo bá fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kan, gbogbo ìyàwó á jáde tìgbálẹ̀tìgbálẹ̀. Bí mo bá fọn ọ́n lẹ́ẹ̀kejì, mo ti ń bọ̀ wá yẹ iwájú ilé wò nìyẹn. Fún odidi ọdún márùn-ún, ọwọ́ mi kò kan ìgbálẹ̀. Ẹ fi ìyẹn pamọ́ síbì kan ná, a ó padà wá mú un.

Iṣẹ́ kan tún wà nídìí oyè náà tí ẹnikẹ́ni kì í jowú. Bí sọ́jà bá kú lójú ogun, ọ̀gá kan àti àlùfáà àwọn sọ́jà ni yóò wá kan ilẹ̀kùn ìyàwó rẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í wá láìjẹ́ pé Magajíyà ti ṣíwájú. Mà á kàn yà bí ẹni tó ń kọjá lọ ni. Mi ò ní sọ nǹkan kan. Mà á bá a pọn omi, mà á bá a fọ abọ́, mà á wẹ ọmọ rẹ̀, mà á ní, "Jókòó, ó ti rẹ̀ ọ́." Mà á sì rí i pé mo pa iná tó wà lórí ààrò, nítorí ẹni tó bá fẹ́ ṣubú lulẹ̀ kò mọ ibi tó máa ṣubú sí. Nígbà náà ni wọ́n á tó kanlẹ̀kùn.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, àpótí ẹrù olóògbé á dé. Gbogbo sọ́jà ló ní irú àpótí bẹ́ẹ̀, pákó tí wọ́n kùn ní dúdú, tí wọ́n fi ọ̀dà funfun kọ orúkọ àti nọ́mbà sí lórí. Tí ẹni tó ni ín bá kú, àwọn tó ń tọ́jú ẹrù á já àgádágodo rẹ̀, wọ́n á kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ìwé, wọ́n á to bàtà ogun rẹ̀ sókè pátápátá, wọ́n á fi àgádágodo ìjọba tì í padà. Ìwé àti kọ́kọ́rọ́ ni wọ́n á fi lé ìyàwó lọ́wọ́. Èmi ni mo máa ń di ìyàwó mú léjìká bó bá ń tẹ̀ka sí ìwé náà. Obìnrin mẹ́rin ni mo ti dì mú bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí wọ́n ní kí ẹgbẹ́ ọkọ mi lọ pẹ̀tù síjà ní Làìbéríà (ìbọn ni wọ́n kó dání láti fi pẹ̀tù sí i), ó ní bárékè kò dára fún obìnrin tí ọkọ rẹ̀ kò sí nítòsí. Ó ní kí èmi àti Bísí, ọmọ wa tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ, lọ máa gbé lọ́dọ̀ ìyá òun.

"Ìkọ̀yà kọ́? Ilé ni," ló wí. "Yorùbá kan náà ni. Kí ló lè ṣòro níbẹ̀?"

Bí mo bá fẹ́ rẹ́rìn-ín títí di òní, ọ̀rọ̀ yẹn ni mo máa ń rántí.

Òjò tó pàdé mi ní Òkìtìpupa, ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, kò dá títí a fi dé Ìkọ̀yà. Kò dá lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta mo bi wọ́n pé ṣé bó ṣe máa ń rọ̀ nìyí, wọ́n ní rárá, òjò kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ìyá ọkọ mi jáde sí mi, obìnrin kúkúrú kan tí epo ti pọ́n ní àtẹ́lẹwọ́. Mo kúnlẹ̀.

"Dìde nínú ẹrẹ̀," ló wí. "Ta ló ní kí o fi aṣọ dáadáa nu ilẹ̀ fún mi?"

Bó ṣe wá yé mi lẹ́yìn ni mo ṣe ń kọ ọ́ yìí o. Lọ́jọ́ náà, ọ̀rọ̀ kan nínú mẹ́ta ni mò ń gbọ́. Ó dà bí ìgbà tí rédíò kò bá dúró lójú ibùdó rẹ̀ gan-an: ó dá ọ lójú pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ, o ṣáà ń na etí ni. Ọmọdé kan, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà lọ, wá dúró síwájú mi, ó ní, "Ìwọ, Ìyá ń pè ọ́." Mo wẹ̀yìn wò láti mọ ẹni tó ń bá wí. Èmi, Magajíyà! Ẹni tí kọ́púrà onírunmú ń pè ní "ẹ̀yin"! Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti gbọ́ tí wọ́n pe Bàbá, baba ọkọ mi, ní "ìwọ", tí wọ́n pe baálẹ̀ àdúgbò ní "ìwọ". Wọn kò fi àbùkù kàn mí. Ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n rí, ẹnì kan náà ni wọ́n pè. Èmi ni mo ti rò pé mo pọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí òjò kọ́kọ́ dá, ìgbálẹ̀ ni mo bá lẹ́nu ọ̀nà yàrá mi.

"Ìyàwó tó bá dé kẹ́yìn ló ń gbá ojúde," ni Ìyá wí.

Igi máńgòrò ńlá kan wà láàárín ojúde náà. Igi náà ò ní iṣẹ́ méjì, ewé ló ń gbọ̀n sílẹ̀ ṣáá. Mo gbálẹ̀, Ìyá tẹ̀ lé mi lẹ́yìn, ó káwọ́ sẹ́yìn bí ọ̀gá tó wá yẹ bárékè wò.

"Ìdí igi ńkọ́? Ẹ̀yìn ìkòkò omi ńkọ́? Obìnrin bárékè, ṣé ojú ni ẹ fi ń gbálẹ̀ lọ́hùn-ún ni?"

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, Màmá Kẹ́hìndé, tó jókòó tó ń bó ẹ̀gẹ́, bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀bi mi ni, èmi ni mo ti fi oyè mi yangàn létí rẹ̀ lálẹ́ àná.

"Ìyá, fi í sílẹ̀," ló wí. "Magajíyà ni. Fèrè ló ń gbálẹ̀ fún un."

Ẹ̀gẹ́ tó ń bó yẹn náà di ogun tèmi. Púpurú ni wọ́n fi í ṣe. Wọ́n á rẹ ẹ̀gẹ́ sómi títí á fi rọ̀, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á ṣa okùn inú rẹ̀ kúrò, wọ́n á fi ọwọ́ mọ ọ́n róbótó, wọ́n á wá tò ó sórí àjà iná títí èéfín á fi mú un gbẹ. Tí a bá fẹ́ jẹ ẹ́, a ó ha ara rẹ̀ tó dúdú kúrò, funfun inú rẹ̀ la ó gún, la ó rò. Ẹnu ni mo fi ka ìyẹn tán wẹ́rẹ́ yẹn o. Èyí tí mo kọ́kọ́ mọ sán pẹ́rẹ́pẹ́rẹ́ lórí iná. Ìyá mú ọ̀kan, ó gbé e yẹ̀ wò lójú oòrùn.

"Èyí kì í ṣe púpurú," ló wí. "Òkò ni. Fi ránṣẹ́ sí ọkọ rẹ, kó fi jagun."

Ọ̀sẹ̀ kẹta kò pé tí Bísí fi ń sọ èdè wọn bí ẹni tí wọ́n bí sídìí igi máńgòrò yẹn. Òun ló wá di ògbufọ̀ mi. Lọ́jọ́ kan ó kígbe sí mi láti ẹ̀yìnkùlé, "Ìwọ, omi ń hó!" Mo gbé ọwọ́ sókè kí n gbá a létí. Mo rántí ibi tí mo wà. Mo sọ ọwọ́ náà kalẹ̀, mo lọ sọ omi náà kalẹ̀.

Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, mà á wọ mọ́tò lọ sí Òkìtìpupa, síbi tí wọ́n ti ń tẹ fóònù, kí n lè bá akọ̀wé bárékè wa sọ̀rọ̀. Orí bẹ́ǹṣì gígùn kan la máa ń jókòó sí: tíṣà tó wá láti Ìjẹ̀bú, òṣìṣẹ́ ìjọba tí ìyàwó rẹ̀ wà ní Adó, ìyá tí ọmọ rẹ̀ ń kẹ́kọ̀ọ́ l'Ékòó. Ojú kan náà ni lóṣooṣù. Tó bá kàn ọ́, wàá wọ inú yàrá kékeré onígíláàsì, wàá sì pariwo débi pé gbogbo bẹ́ǹṣì á gbọ́.

"Magajíyà! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, mà!" Ohùn akọ̀wé á máa wá bí ẹni pé inú kànga ló wà.

"Ìròyìn ńkọ́?"

"Kò sí, mà."

"Ṣé ìròyìn rere ni kò sí, àbí ìròyìn búburú?"

"Ìròyìn rárá ni kò sí, mà!"

Bí mo bá tún un sọ pé kò sí ìròyìn, àwọn ará orí bẹ́ǹṣì á dá mi lóhùn pé, "A dúpẹ́ o!" Ẹ̀rín á pa mí. Mi ò mọ orúkọ ẹnì kan nínú wọn títí di òní, ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi mí nígbà náà pé ta ni ẹbí mi ní gbogbo ilẹ̀ Ìkálẹ̀, àwọn ará bẹ́ǹṣì yẹn ni mà á kọ́kọ́ kà. Àjèjì ni gbogbo wa. Àjèjì a máa dá ara wọn mọ̀.

Ní oṣù karùn-ún tí mo débẹ̀, èmi àti Ìyá gbé púpurú lọ sí ọjà Ìlútítun. Obìnrin kan mú ọ̀kan nínú èyí tí mo mọ, ó fi ìka kàn án, ó gbóòórùn rẹ̀, ó ní, "Ìyá, ta ló mọ èyí? Ó dán."

Ìyá kò wo ibi tí mo wà. "Èmi ni," ló wí.

Inú mi ń dùn títí a fi dé ilé. Ìyá kì í fi ohun tí kò dára pe ti ara rẹ̀.

Ó wá di àárọ̀ Túsìdè kan. Mo jáde, mi ò rí ìgbálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà mi. Màmá Kẹ́hìndé ló ń gbálẹ̀.

"Gbé e fún mi," mo wí.

"Jókòó," ló wí, kò gbójú sókè. "Ó ti rẹ̀ ọ́."

Ìyá gbé oúnjẹ wá fún mi fúnra rẹ̀, ó sì fi orí ẹja sínú abọ́ mi, orí ẹja tí kò fún ẹlòmíràn rí àfi Bàbá. "Jẹun, ọmọ mi," ló wí. Láti ọjọ́ tí mo ti dé, kò pè mí lọ́mọ rí. Ẹnì kan ti wẹ Bísí. Lọ́sàn-án, obìnrin mẹ́ta láti ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà tí Màmá Kẹ́hìndé ń lọ dé nínú aṣọ funfun. Wọ́n ní àwọn kàn ń kọjá lọ ni. Ilé wa kò sí lójú ọ̀nà ibì kankan.

Ohun tí mo ṣe fún obìnrin mẹ́rin ni wọ́n ń ṣe fún mi. Ẹ dákun, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín: bí ọkàn mi ti ń já tó, ara mi ń sọ fún mi pé wọn ò ṣe é dáadáa. Wọ́n fi iná sílẹ̀ lórí ààrò.

Mi ò bi wọ́n. Magajíyà mọ̀ pé ẹni tó bá béèrè ti gbà nìyẹn. Lọ́jọ́ kejì mo wọ mọ́tò lọ sí Òkìtìpupa. Màmá Kẹ́hìndé ní òun náà fẹ́ ra iyọ̀ níbẹ̀, ó sì di apá mi mú jálẹ̀ ọ̀nà. Òjò ti já wáyà fóònù láti ọjọ́ méjì sẹ́yìn. Àwọn ará bẹ́ǹṣì wo ojú mi, wọ́n sún fún mi. A padà sílé. Kò ra iyọ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, Bísí wá bá mi ní ẹ̀yìnkùlé.

"Màámi, kí ló dé tí wọ́n fi ẹní bo àpótí Dádì? Ó wà ní yàrá Bàbá. Mo rí orúkọ Dádì lára rẹ̀."

Mo dìde. Mi ò mọ bí mo ṣe dé yàrá Bàbá. Ìyá rí mi, ó tẹ̀ lé mi, Màmá Kẹ́hìndé tẹ̀ lé e. Mo ká ẹní náà kúrò. Àpótí Akin, ọkọ mi, ni: orúkọ rẹ̀, nọ́mbà rẹ̀, ibi tí Bísí ti fi ìṣó họ nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta.

"Ta ló gbé e wá?"

Bàbá wo ilẹ̀. "Sọ́jà kan ni. Lọ́sàn-án Mọ́ńdè, nígbà tí gbogbo yín wà lóko. Ó ní ẹrù Akin rèé. Mo ní kó jókòó, kò jókòó. Mo bu omi fún un, kò mu. Ó yí padà, ó sáré lọ."

Màmá Kẹ́hìndé bú sẹ́kún. Gbogbo wa la mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Ẹni tó bá gbé ọ̀rọ̀ ikú wá kì í mu omi ilé tó gbé e dé. Bàbá kò tún ní ohun tó ń béèrè lẹ́yìn ìyẹn.

Mo kúnlẹ̀ ti àpótí náà. Mo di àgádágodo rẹ̀ mú. Idẹ ni, kékeré, ọkọ mi ti fi ọ̀dà pupa kùn ún nídìí kí wọ́n má bàa jí i pààrọ̀. Ti ara rẹ̀ ni. Kì í ṣe ti ìjọba.

"Bàbá, ìwé ńkọ́?"

"Kò fún mi níwèé kankan."

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Kò fún mi ní kọ́kọ́rọ́." Lójú Bàbá, ṣe ni gbogbo "kò" yẹn ń ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ rẹ̀ lórí.

"Ìyá," mo wí, "Akin wà láàyè."

Ó wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ti dàrú. Mo wá là á yé wọn: bí wọ́n ṣe ń já àgádágodo òkú, ìwé tí wọ́n ń kọ, kọ́kọ́rọ́ tí wọ́n ń fi lé ìyàwó lọ́wọ́. "Èmi ni mo ń gbà á pẹ̀lú wọn. Àpótí òkú kì í jáde lọ́wọ́ ìjọba láìsí ìwé, láìsí kọ́kọ́rọ́. Ẹni tó ti èyí ló mú kọ́kọ́rọ́ sápò, ó sì ní i lọ́kàn láti wá ṣí i."

"Omi tí kò mu ńkọ́?" ni Bàbá bi mí.

"Bàbá, ṣé kò sí mọ́tò tó dúró dè é ni?"

Bàbá ronú. "Mọ́tò kan ń pariwo lójú títì," ló wí jẹ́jẹ́. "Ó ń pariwo ṣáá. Mo tilẹ̀ ṣépè fún awakọ̀ náà."

Màmá Kẹ́hìndé nu imú. "Ẹ jẹ́ ká kúkú já a, kó dá wa lójú."

"Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ já a!" Ohùn mi dún nínú yàrá náà bí ìgbà tí mo fọn fèrè ní Sátidé. "Ti òkú ni wọ́n ń já. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Ìyàwó tó dé kẹ́yìn ló pàṣẹ yẹn. Ìyá wò mí títí.

"Ó dá ọ lójú?"

"Ó dá mi lójú, Ìyá."

Mo mọ òfin bárékè. Mi ò mọ òfin ogun. Èyí tí mo mọ̀ ni mo fi dáhùn.

Ìyá dìde. Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó wo ojúde. Ó dúró níbẹ̀, ó kẹ̀yìn sí wa, èjìká rẹ̀ gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti padà sí ti ọjọ́ gbogbo.

"Ẹ wo bí ewé ti kún ilẹ̀ ilé mi! Oòrùn ti là tó báyìí, ìyàwó Akin sì jókòó sínú yàrá, ó ń rojọ́ àgádágodo." Ó mú ìgbálẹ̀ lára ògiri, ó jù ú síwájú ẹsẹ̀ mi. "Gbá ìdí igi náà o. Má tún fi ojú gbá a."

Mo gba ìgbálẹ̀ náà mú bí ẹni gba oyè. Mo gbá ìdí igi, mo gbá ẹ̀yìn ìkòkò omi, mo gbá ibi tí kò sẹ́ni tó ń gbá. Ìyá ń tẹ̀ lé mi lẹ́yìn, ó ń bú mi, omi sì ń bọ́ lójú àwa méjèèjì. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún ẹnì kejì rẹ̀.

Ọjọ́ kẹtàdínlógún lẹ́yìn ìyẹn ni lẹ́tà ọkọ mi dé. Ó ti kọ́kọ́ lọ sí bárékè kí akọ̀wé tó darí rẹ̀ sí wa, nítorí pé ọkọ mi kọ àdírẹ́sì tó ti mọ́ ọn lọ́wọ́. Kọ́kọ́rọ́ wà nínú rẹ̀, ó fi òwú rán an mọ́ bébà. Ó ní òun ń fi àpótí ránṣẹ́ nípasẹ̀ ọ̀rẹ́ òun kan tó ń lọ sílé ní Ìrẹ̀lẹ̀, òun kò fún un ní kọ́kọ́rọ́ nítorí òun mọ ọwọ́ rẹ̀. Ó ní ká má ṣe kọ́kàn sókè. A ṣí àpótí náà níwájú gbogbo ilé. Gèlè wà níbẹ̀ fún Ìyá, rédíò fún Bàbá, bàtà kan fún mi. Bàtà náà kò gba ẹsẹ̀ mi.

Ọkọ mi padà dé lẹ́yìn ìgbà náà, ó sì ti fẹ̀yìn tì tipẹ́. Ìkọ̀yà la ń gbé. Ìyá ti lọ. Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá báyìí, àwọn ọmọ ọmọ ń pè mí ní "ìwọ", mo sì ń jẹ́. Ìyàwó Kẹ́hìndé ló dé kẹ́yìn, òun ló ń gbá ojúde. Mo máa ń káwọ́ sẹ́yìn tẹ̀ lé e. Ó ti lọ fẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ Bísí pé ẹnu mi mú jù, pé èmi kì í sọ ọ̀rọ̀ rere kan láàárọ̀.

Ẹ bá mi sọ fún un pé kó má bínú. Kó máa gbálẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ tí mo bá ní kó jókòó sinmi, kó ké.